Dùùrù Naumburg, 1746: Ọmọṣẹ́ tí ọ̀gá fi ìwé dè, àti iṣẹ́ rẹ̀ tí ọ̀gá náà wá yẹ̀ wò

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1746, ọkùnrin méjì fọwọ́ sí ìwé kan ní ìlú Naumburg, ní Jámánì. Johann Sebastian Bach, olórin àti atẹdùùrù, ni ọ̀kan, Gottfried Silbermann, aṣedùùrù, ni èkejì. Ìgbìmọ̀ ìlú ló ní kí wọ́n wá yẹ dùùrù tuntun inú ṣọ́ọ̀ṣì Wenceslas Mímọ́ wò. Zacharias Hildebrandt ló ṣe dùùrù náà. Ọwọ́ Silbermann yìí kan náà ni Hildebrandt ti kọ́ṣẹ́, òun àti Silbermann sì ti bá ara wọn ṣẹjọ́ ní nǹkan bí ogún ọdún ṣáájú, lórí pé ọmọṣẹ́ ń gbaṣẹ́ ní ilẹ̀ tí ọ̀gá ti fi ìwé lé e kúrò. Bí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ṣe rìn títí tó fi dé ọjọ́ yẹn, àti ohun tí wọ́n bá nínú dùùrù náà, ṣe pàtàkì fún ẹnikẹ́ni tó ń ṣe dùùrù, tó ń tún un ṣe, tàbí tó fẹ́ ra ọ̀kan fún ìjọ rẹ̀.

Dùùrù tí à ń sọ níhìn-ín kì í ṣe èyí tó ń lo iná. Onífèrè ni, irú èyí tó wà ní Cathedral Church of Christ ní Marina, Èkó. Ẹwìrì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú àpótí ńlá kan, àwọn fèrè jókòó lórí àpótí náà, kíì tí atẹdùùrù bá tẹ̀ ló ń ṣí ọ̀nà fún afẹ́fẹ́ láti wọ inú fèrè. Ìtò fèrè kan tí gbogbo wọn ní irú ohùn kan náà, láti orí èyí tó gùn jù dé orí èyí tó kéré jù, ni à ń pè ní stọ́ọ̀pù. Ẹsẹ̀ bàtà la fi ń ka gígùn fèrè tó wà nísàlẹ̀ pátápátá: stọ́ọ̀pù ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 8 ń dún bí ohùn ènìyàn ṣe ń kọrin, ti 16 fi òkítáfù kan (láti dò kan dé dò tó tẹ̀ lé e) lọ sílẹ̀ jù ú lọ, ti 32 sì tún fi òkítáfù kan lọ sílẹ̀ sí i.

Ìwé àdéhùn Freiberg

Ọdún 1688 ni wọ́n bí Hildebrandt ní Münsterberg, ní Silesia, ìlú tó ń jẹ́ Ziębice ní Pólàǹdì báyìí. Bàbá rẹ̀ ń kan kẹ̀kẹ́ ẹrù, nítorí náà igi kò ṣàjèjì sí i. Nǹkan bí ọmọ ọdún 25 ni nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Silbermann ní Freiberg, ní Saxony. Òkìkí Silbermann ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kàn ni. Ó ti bá Andreas ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní Strasbourg, ó padà sílé ní 1710, dùùrù ńlá Kàtídírà Freiberg ló sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tó parí ní 1714. Ilé iṣẹ́ tó dára jù ní gbogbo àgbègbè náà ni ọmọkùnrin náà bọ́ sí.

Àmọ́ ó fọwọ́ sí ìwé kan: kò gbọ́dọ̀ ṣe dùùrù ní Saxony tàbí ní Alsace láìgba àṣẹ ọ̀gá rẹ̀. Saxony ni oko Silbermann. Alsace ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń jẹun. Ìwé kan ṣoṣo fi odi yí oko àwọn méjèèjì ká, ọmọṣẹ́ ló sì wà lẹ́yìn odi.

Iṣẹ́ tí Hildebrandt fi hàn pé òun ti di ọ̀gá fúnra òun ni dùùrù Langhennersdorf, abúlé kan nítòsí Freiberg. Ó parí rẹ̀ ní 1722: stọ́ọ̀pù 21, kíbọ́ọ̀dù ọwọ́ méjì, kíbọ́ọ̀dù ẹsẹ̀ kan. Ó ṣì wà níbẹ̀ di òní. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ó ṣe dùùrù kékeré kan ní Störmthal, lẹ́bàá Leipzig, stọ́ọ̀pù 14, kíbọ́ọ̀dù ọwọ́ kan. Bach, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́ ní Leipzig lọ́dún yẹn, ló wá yẹ̀ ẹ́ wò ní ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá, orin ìsìn tí òun fúnra rẹ̀ kọ ni wọ́n sì fi ṣí i. Níbẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti mọ iṣẹ́ ara wọn.

Lọ́dún 1723 yẹn kan náà, ọba fún Silbermann ní ìwé àṣẹ gẹ́gẹ́ bí aṣedùùrù ààfin àti ti gbogbo ilẹ̀ Saxony. Báyìí ni ọ̀gá ṣe ní ìwé méjì lọ́wọ́, ti àdéhùn àti ti ọba. Ìjà bẹ̀rẹ̀, ó di ẹjọ́, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1724 lórí pé iṣẹ́ tí Silbermann bá kọ̀ nìkan ni Hildebrandt lè gbà.

Ìparí ìjà yẹn kò dára. Iṣẹ́ tí ọ̀gá tó lórúkọ máa ń kọ̀ ni èyí tí owó rẹ̀ kéré, tí ọ̀nà rẹ̀ jìn, tàbí tí ìjọ fẹ́ kí wọ́n fi fèrè àlòkù ṣe. Ẹni tó ń jẹ irú èyí kì í lè ra tánganran tó dára sílẹ̀ de iṣẹ́, kì í sì lè tọ́jú àwọn ọmọṣẹ́ títí tí ọwọ́ wọn yóò fi mọ́. Tí Hildebrandt bá jókòó sí Freiberg, ó ṣeé ṣe kí orúkọ rẹ̀ parẹ́ nínú iṣẹ́ náà.

Kò jókòó. Ó ṣe dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì Jacobi ní Sangerhausen ní 1728, ní ìlú tí Duke Sachsen-Weissenfels ń ṣàkóso. Nígbà tó yá, ní àwọn ọdún 1730, ó kó wá sí Leipzig, níbi tí Bach wà. Ní nǹkan bí 1740 ó bá Bach ṣe ohun èlò kan tó ní kíbọ́ọ̀dù bíi ti harpsichord, ohun èlò olókùn àtijọ́ tó jọ pìánò, ṣùgbọ́n tí okùn rẹ̀ ń dún bí lute, tó jọ gìtá. Bach ló ronú bí yóò ṣe rí, Hildebrandt ló kàn án. Ìbáṣepọ̀ yìí ni mo kà sí ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà jù lọ. Ìwé àdéhùn lè gé ọjà aṣedùùrù kúrú, ṣùgbọ́n ó kéré tán, etí ẹni tó mọ dùùrù tẹ̀ jù ní ilẹ̀ náà ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ní Naumburg

Zacharias Thayßner ló ti ṣe dùùrù kan fún ṣọ́ọ̀ṣì Wenceslas láàárín 1697 àti 1705. Kò pé ogójì ọdún lẹ́yìn náà tí ìgbìmọ̀ ìlú fi gbà pé inú rẹ̀ kò ṣeé lò mọ́. Ara ìta rẹ̀ ńkọ́? Ẹwà ni: igi gbígbẹ́, ilé ìṣọ́ fèrè gíga-gíga, wúrà lára. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1743 wọ́n bá Hildebrandt ṣàdéhùn pé kí ó ṣe inú tuntun, kí ara ìta àtijọ́ dúró.

Ẹni tí kò bá tíì ṣe irú rẹ̀ rí lè rò pé èyí dín iṣẹ́ kù. Ó dá kún un ni. Tí a bá ń ṣe dùùrù láti ìpìlẹ̀, inú la máa kọ́kọ́ wọ̀n: àpótí afẹ́fẹ́ yóò gba ìbú tí fèrè bá fẹ́, a ó wá kan ara ìta yí i ká. Tí ara ìta bá ti wà nílẹ̀, iye fèrè tó lè dúró níwájú, gíga wọn, àti ibi tí ilé ìṣọ́ kọ̀ọ̀kan yọ sí ti wà bẹ́ẹ̀. Fèrè iwájú kì í sábà ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ihò tó wà lórí àpótí afẹ́fẹ́ ní tààràtà. A ní láti fi ọ̀nà tóóró gbé afẹ́fẹ́ lọ bá a. Tí ọ̀nà náà bá gùn jù tàbí tó bá ní ìgbúnpá púpọ̀, fèrè yóò pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, pàápàá àwọn ńlá.

Apá kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Rückpositiv, dùùrù kékeré tó so mọ́ ara irin bálíkónì lẹ́yìn atẹdùùrù, tó kọjú sí ìjọ. Silbermann kì í ṣe é. Ó wà nínú ara ìta Naumburg, Hildebrandt sì ní láti fún un ní ìwàláàyè. Àwọn ọ̀pá pẹlẹbẹ tó so kíì mọ́ àpótí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ láti kíbọ́ọ̀dù, kí wọ́n gba abẹ́ ẹsẹ̀ atẹdùùrù kọjá, kí wọ́n tún gòkè lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo ibi tí ọ̀pá ti yí padà ni igi ti ń ha igi. Tí òtútù tàbí ọ̀rinrin bá mú un, igi a wú, kíì a le. Tí ó bá gbẹ, kíì a máa mì, nígbà mìíràn fèrè a tilẹ̀ máa dún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ ohunkóhun, nítorí ìdérí inú àpótí kò padé dáadáa.

Ohun tó jáde lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ni dùùrù stọ́ọ̀pù 53, kíbọ́ọ̀dù ọwọ́ mẹ́ta àti ti ẹsẹ̀. Àwọn stọ́ọ̀pù pín báyìí: 15 sí apá àgbà, 14 sí apá òkè, 12 sí Rückpositiv, 12 sí ti ẹsẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù ọwọ́ ní kíì 48. Stọ́ọ̀pù tó ní fèrè kan fún kíì kan ń gba fèrè 48 nìyẹn. Mixtur apá àgbà, tí fèrè mẹ́jọ ń dún lórí kíì kan, gba 384 fúnra rẹ̀. Principal ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 16 wà lábẹ́ ọwọ́, Posaune ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 32 sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀. Posaune jẹ́ fèrè aláhọ́n: ahọ́n idẹ kan ń gbọ̀n nísàlẹ̀ rẹ̀. Ní kíì C ìsàlẹ̀, ahọ́n yẹn ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 17 péré láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, díẹ̀ ló kù kí etí máa ka á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Irú fèrè bẹ́ẹ̀ ń mu afẹ́fẹ́ bí nǹkan míì. Ẹwìrì ìgbà náà dà bí ìwé ńlá tí a ṣí díẹ̀: ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ tẹ ọ̀pá láti gbé e sókè, òkúta tí a gbé lé e ló ń tẹ̀ ẹ́ wá sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tí atẹdùùrù bá fa ọ̀pá gbogbo stọ́ọ̀pù kí gbogbo wọn lè dún, tó sì di ọwọ́ méjèèjì mọ́ kíì, ẹwìrì yóò máa já wálẹ̀ kíákíá. Bí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ kò bá yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, afẹ́fẹ́ yóò mì, ohùn yóò sì mì pẹ̀lú rẹ̀. Hildebrandt fi ẹwìrì kan kún iye tó wà nínú ìwé àdéhùn. Àǹfààní rẹ̀ ni pé àlàfo tó wà láàárín títẹ̀ kan sí òmíràn á gùn sí i, òkè ohùn ńlá kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ gbọ̀n.

Ohun kejì tó fi kún un láìjẹ́ pé wọ́n bèèrè ni stọ́ọ̀pù Unda maris. Ó rọrùn láti ṣàlàyé, ó nira láti ṣe dáadáa. Ìtò fèrè kan tó jọ Principal ni, ṣùgbọ́n a mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ohùn rẹ̀ yẹ̀ díẹ̀ kúrò lára ti èkejì rẹ̀. Tí ọ̀kan bá ń gbọ̀n ní ìgbà 440, tí èkejì ń gbọ̀n ní ìgbà 442, etí á gbọ́ ìró tó ń ga tó ń lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú ìṣẹ́jú àáyá. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni pé bí ìpín tí a fi mú ohùn kọ̀ọ̀kan yẹ̀ bá jẹ́ ọ̀kan náà látìsàlẹ̀ dókè, ohùn òkè á máa sáré gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú, ti ìsàlẹ̀ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró jẹ́ẹ́. Etí ni a fi ń tò ó, fèrè kan lẹ́yìn òmíràn, kí ìgbì náà má yàtọ̀ púpọ̀ bí ohùn ṣe ń gòkè.

Ibi tí Hildebrandt ti yà kúrò lọ́nà ọ̀gá rẹ̀ pátápátá ni bó ṣe tò ohùn. Bí a bá to dò sí sò ní mímọ́ gaara lẹ́ẹ̀mejìlá, tí a ń gòkè, a kò ní padà sórí dò tí a ti bẹ̀rẹ̀. A ó ti fi díẹ̀ kọjá rẹ̀, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú àlàfo láàárín kíì funfun àti dúdú tó tẹ̀ lé e. Ìyẹn gbọ́dọ̀ lọ sí ibì kan. Silbermann dín mọ́kànlá nínú àwọn àlàfo wọ̀nyẹn kù jù bó ṣe yẹ, ó sì da gbogbo àṣejù náà sórí ọ̀kan tó kù, èyí tó wà láàárín G-sharp àti E-flat. Orin tó bá wà ní kíì (ohùn tí a gbé orin lé) C, G, F tàbí D dùn gan-an lórí dùùrù rẹ̀. A-flat ń hu. Hildebrandt tẹ̀ lé Neidhardt, onímọ̀ kan tó kọ̀wé lórí títò ohùn, tó pín ẹrù náà káàkiri kí ó lè ṣeé fi gbogbo kíì kọrin. Altnickol, àna Bach, tó di atẹdùùrù Naumburg ní 1748, jẹ́rìí lẹ́yìn náà pé èèyàn lè bọ́ láti kíì kan sí òmíràn lórí dùùrù Hildebrandt láìsí ohun tó ń ta etí.

Ọjọ́ àyẹ̀wò

Ìpinnu ìgbìmọ̀ ìlú láti pe méjì dípò ọ̀kan ni mo gbóríyìn fún jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Bí Bach nìkan bá wá, àwọn kan á ní ọ̀rẹ́ ló ń yẹ iṣẹ́ ọ̀rẹ́ wò. Bí Silbermann nìkan bá wá, ẹni tó ti bá a ṣẹjọ́ ló dájọ́. Bí méjèèjì bá fọwọ́ sí ìwé kan ṣoṣo, kò sí ẹni tó lè sọ pé ojúsàájú ni. Ẹ̀rí tiẹ̀ tún yàtọ̀: ọ̀kan ń gbọ́ láti orí kíbọ́ọ̀dù, èkejì mọ ohun tó yẹ kó wà nínú àpótí tí ojú kò rí.

Ọmọ Bach, Carl Philipp Emanuel, sọ pé ohun àkọ́kọ́ tí bàbá òun máa ń ṣe tó bá ń yẹ dùùrù wò ni pé ó fa gbogbo stọ́ọ̀pù, ó sì tẹ̀ ẹ́ ní kíkún, kí ó lè mọ̀ bóyá ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ dára. Ibẹ̀ ni ẹwìrì àfikún yẹn ti wúlò.

Ìwé àyẹ̀wò náà kò gùn. Ó ní gbogbo ohun tí àdéhùn ṣèlérí wà níbẹ̀: kíbọ́ọ̀dù, ẹwìrì, àpótí àti ọ̀nà afẹ́fẹ́, stọ́ọ̀pù tí orí fèrè rẹ̀ ṣí, èyí tí a dé lórí, àti aláhọ́n. Ó ní a fara balẹ̀ ṣe wọ́n, ohun èlò tí a ṣèlérí ni a sì fi ṣe fèrè. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, nítorí tánganran wọ́n ju òjé lọ, aṣedùùrù tó bá fẹ́ jẹ èrè ẹ̀yìn lè fi òjé kún un, ojú kò sì ní tètè rí i. Ó mẹ́nu ba ẹwìrì kan àti Unda maris pé wọn kò sí nínú àdéhùn. Lẹ́yìn ìyẹn ló ní Hildebrandt gbọ́dọ̀ tún gba gbogbo dùùrù náà kọjá, stọ́ọ̀pù lẹ́yìn stọ́ọ̀pù, kí ohùn àwọn fèrè àti títẹ̀ kíì àti fífa stọ́ọ̀pù lè túbọ̀ dọ́gba.

Àwọn kan máa ń ka gbólóhùn yẹn bí ẹ̀sùn, tàbí bí ẹ̀san ọ̀gá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ onífèrè ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó sínú ilé kò tíì lè dọ́gba lọ́jọ́ kìíní. Ohun tí Bach àti Silbermann ṣe ni pé wọ́n ya ohun tó jẹ́ gbèsè aṣedùùrù sí ìjọ sọ́tọ̀, èyí tí kò sí, kúrò lára iṣẹ́ àṣeparí tí ọwọ́ rẹ̀ nìkan lè ṣe. Ìgbìmọ̀ lè gba dùùrù, kí wọ́n sì tún mọ ohun tí wọ́n lè máa bèèrè.

Ìjà ogún ọdún náà sì rọ̀. Nígbà tí Silbermann gba iṣẹ́ dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì ààfin Dresden ní 1750, Hildebrandt wà lára àwọn tó ṣe é. Silbermann kú ní 1753 lẹ́nu iṣẹ́ náà. Hildebrandt ló bá a parí rẹ̀, wọ́n ṣí i ní 1755. Òun náà kú ní Dresden ní 1757. Johann Gottfried ọmọ rẹ̀ ló ṣe dùùrù ńlá Michaelis ní Hamburg, tí iná jó ní 1906.

Dùùrù Naumburg kò jóná, ṣùgbọ́n àwọn ìran tó tẹ̀ lé e yí i padà gẹ́gẹ́ bí etí ìgbà wọn ṣe fẹ́, títí tí ilé iṣẹ́ Eule ní Bautzen fi dá a padà sí bó ṣe rí ní 1746. Láti 1993 títí di 2000 ni iṣẹ́ ìdápadà yẹn gbà.

Fún ẹni tí dùùrù wà lọ́wọ́ rẹ̀

Kọ gbogbo àfikún sílẹ̀ kí ó tó wọlé. Unda maris àti ẹwìrì kan wọ inú ìwé àyẹ̀wò Naumburg nítorí pé wọ́n dùn mọ́ àwọn aláyẹ̀wò, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ohun tí kò sí nínú àdéhùn kún iṣẹ́ kò ní ìwé tó lè fi bèèrè owó rẹ̀.

Ní ti ìgbàkọjá ìkẹyìn, má ṣe é lójúmọ́ tí iṣẹ́ káfíńtà parí. Jẹ́ kí eruku balẹ̀, kí igi sì mọ ilé tuntun rẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ láti ara kíì: gbogbo kíì kí ó máa lọ sílẹ̀ ní ìwọ̀n kan, kí ìdérí abẹ́ rẹ̀ ṣí níbì kan náà, awọ kékeré tó wà lórí wáyà tó ní ìlà bíi ti ìṣó onískúrù ni a fi ń ṣe é, a ń yí i díẹ̀ sí apá kan tàbí òmíràn. Lẹ́yìn náà fa stọ́ọ̀pù kan ṣoṣo, tẹ kíì láti ìsàlẹ̀ dé òkè ní ìyára kan náà, kí ẹni kejì dúró nínú ìjọ láti gbọ́. Fèrè tó bá pẹ́ sọ̀rọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ tó ń gbà kéré sí ti ẹnìkejì rẹ̀, tàbí pé ahọ́n pẹlẹbẹ tó wà lókè ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sí níbi tó yẹ kó wà. Èyí tó bá pariwo ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ihò ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò. Má fọwọ́ kan gíga ẹnu fèrè àfi tí gbogbo ìyókù bá kùnà, nítorí ohun tí a bá ti gé kúrò níbẹ̀ kò ṣeé dá padà. Gbogbo stọ́ọ̀pù ni kí a ṣe báyìí, kódà èyí tó jọ pé ó dára, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í to ohùn wọn pọ̀ láti ara Octav ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 4 apá àgbà. Fèrè tí a bá tún fọwọ́ kan ẹnu rẹ̀ lẹ́yìn títò, a gbọ́dọ̀ tún un tò.